Bí Kò Sí Igbà, A Ò Gùn

Akọpẹ kì í gun ọ̀pẹ bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn ilé rẹ̀. Kó tó fẹsẹ̀ kan ìdí igi, yóò fọwọ́ tọ́ igbà rẹ̀ láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Yóò tẹ̀ ẹ́ wò, yóò fà á, yóò wo ojú ibi tó ti so ó. Lẹ́yìn náà ni yóò gbé e yí ọ̀pẹ àti ìbàdí ara rẹ̀ ká, tí yóò fẹ̀yìn tì í nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, kó lè mọ̀ bóyá ó gba òun. Ìgbà tí igbà bá gbà á tán ni ìrìn tó bẹ̀rẹ̀: igbà, ẹsẹ̀, igbà, ẹsẹ̀, títí dé abẹ́ imọ̀. Bí igbà bá ti gbó, ẹ fún un lówó o, ẹ fún un lẹ́mu o, kò ní í gùn. Kò sì sí ẹni tó máa pè é ní ojo.

Àwa tí a kọ ìwé yìí kì í ṣe akọpẹ. Bíríkìlà ni àwọn kan nínú wa, káfíńtà tó ń kan òrùlé ni àwọn kan. Pẹ́ńtà wà láàárín wa, ayọ́nbẹ́ńdà wà, lébìrà tó ń gbé kọnkéré lọ sókè dẹ́kìn wà, àwọn tó ń gun másìtì fóònù àti òpó iná wà, àwọn tó ń lẹ pátákó ìpolówó lójú títì márosẹ̀ náà wà. Ohun tó pa wá pọ̀ ni pé òkè ni oúnjẹ wa wà. Ohun kejì, tó ń tì wá lójú, ni pé àwọn bàbá wa tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ sìmẹ́ǹtì kì í gòkè láìso ara wọn, àwa tí a ń kọ́ ilé alájà mẹ́wàá ni a ń rìn lórí páńkó kan ṣoṣo pẹ̀lú sílípáàsì lẹ́sẹ̀.

Nínú ìwé yìí, igbà ni a ó máa pe gbogbo ohun tó lè mú kí ènìyàn má já láti òkè, tàbí tó lè gbà á bó bá já. Irin ìdíwọ́ etí dẹ́kìn, igbà ni. Nẹ́ẹ̀tì, igbà ni. Àkàbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró ire, igbà ni. Ẹnì kejì tó dúró nísàlẹ̀ tó di àkàbà mú, tí kò fi ojú sí fóònù, igbà ni òun náà.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta. Ní 1952 ni wọ́n tẹ ìwé rẹ̀, The Palm-Wine Drinkard, jáde ní Lọ́ńdọ̀nù, ikú ẹni tó já láti orí ọ̀pẹ ló sì bí gbogbo ìtàn náà. Oko ọ̀pẹ 560,000 ni, ẹni tó ń dá ẹmu níbẹ̀ kò ju ẹnì kan ṣoṣo lọ. Kèǹgbè 150 láàárọ̀, 75 nírọ̀lẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ló já, ó kú. Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ bá òkú nídìí igi, ó kọ́kọ́ gun ọ̀pẹ mìíràn, ó dá ẹmu, ó mu ún tẹ́rùn, kí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó gbẹ́lẹ̀ sin olóògbé sí ìdí ọ̀pẹ tó ti já. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá kà á débẹ̀. Àwa ò rí i rẹ́rìn-ín mọ́, nítorí a mọ ọ̀gá yẹn, a ti bá a ṣiṣẹ́. Bí ẹnì kan bá já láàárọ̀, tí wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ akérò lọ sí ilé ìwòsàn, dẹ́kìn ṣì gbọ́dọ̀ kún kí ilẹ̀ tó ṣú. Tutuola kò sì dúró níbẹ̀: nígbà tí ọ̀gá náà kò rí ẹlòmíràn tó lè dá ẹmu bíi ti olóògbé, ó rìn títí dé ìlú àwọn òkú láti lọ wá a, òkú kò sì bá a padà wálé. Ẹ wo bí ìrìn àjò ṣe gùn tó nítorí ohun tí ẹnì kejì lóko àti igbà tó dára ì bá ti yanjú.

Nítorí náà a kéde pé jíjá kì í ṣe àyànmọ́. A mọ òwe náà dáadáa: ikú ogun ní í pa akíkanjú, ikú odò ní í pa òmùwẹ̀. A kò bá àwọn àgbà jà, ṣùgbọ́n a ti gbọ́ òwe yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí jù. Bí wọ́n bá ti pa òwe náà tán, kò sẹ́ni tó ń bi bíríkìlà àgbà pé ta ló fi ìṣó méjì kan páńkó tó yẹ kó gba mẹ́fà. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani, àwọn àgbà yẹn náà ló sọ ọ́. Ikú ilé ti iṣẹ́ tiwa ni páńkó tó jẹrà, okùn tí oòrùn ti jẹ, àti ẹnu wa tí a pa mọ́.

Òkè kì í ṣe àjà kẹwàá nìkan. Ẹni tó bá já láti mítà 3, ìyẹn bí etí òrùlé ilé ilẹ̀, kò ní í lo tó ìṣẹ́jú-àáyá 1 kó tó kanlẹ̀, eré tí yóò sì fi kanlẹ̀ jẹ́ kìlómítà 28 ní wákàtí kan. Láti mítà 10, ìṣẹ́jú-àáyá 1.4 ni, eré náà ti di 50. Kò ní í ráyè pe orúkọ ìyá rẹ̀ parí. Ìdí nìyí tí òfin tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe lórí iṣẹ́ òkè ní 2005 kò fi dárúkọ gíga kankan: ibikíbi tí ènìyàn bá ti lè já kó sì fara pa, òkè ni. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní tiwọn fi ẹsẹ̀ bàtà 6 ṣe ààlà níbi iṣẹ́ ilé kíkọ́, ìyẹn nǹkan bíi gíga ọkùnrin kan. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àwa mú. Ẹni tó dúró lórí dúrọ́ọ̀mù láti kun àjà pálọ̀, òkè ló wà.

Nínú òfin kan náà ni a ti rí ètò tó bá ọgbọ́n akọpẹ mu, a sì sọ ọ́ di tiwa. Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí á má gùn rárá bí iṣẹ́ bá ṣe é ṣe nílẹ̀. Káfíńtà lè to igi òrùlé pọ̀ nílẹ̀ kó tó di pé wọ́n gbé e sókè. Pẹ́ńtà lè fi ọ̀pá gígùn sí búrọ́ọ̀ṣì. Bí gígùn bá di dandan, kí ìdíwọ́ wà tí kò ní í jẹ́ kí á já. Bí ìdíwọ́ kò bá ṣe é ṣe, ìgbà náà ni kí á wá mú ohun tí yóò gbà wá bí a bá já. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ló ti dojú ètò yìí délẹ̀. Wọ́n á ra bẹ́líìtì kan ṣoṣo, wọ́n á gbé e kọ́ sára ògiri ọ́fíìsì sáìtì nítorí àwọn tó ń bọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á ní àwọn ti ṣe ètò ààbò. Bẹ́líìtì ara ògiri kò tíì gba ẹnikẹ́ni.

Lórí sìkáfóòdù, ohun tí a ń bèèrè kò ṣòro. Ọparun kò dẹ́ṣẹ̀. Ohun tó dẹ́ṣẹ̀ ni ọparun tó ti lo ọdún mẹ́ta ní sáìtì mẹ́rin, tó ti sán, tí wọ́n tún fi wáyà tó ti dípẹtà so. A kò ní í rìn lórí páńkó kan ṣoṣo mọ́. Kí páńkó pọ̀ tó tí ènìyàn lè fi kọjá lára ẹlòmíràn láì fẹ̀gbẹ́ rìn. Kí igi ìdíwọ́ wà lẹ́yìn wa ní gíga ìbàdí, kí igi kékeré sì wà nísàlẹ̀ létí páńkó kí òòlù má baà yí lulẹ̀ sórí ìyá tó ń ta ẹ̀wà nísàlẹ̀. Kí ẹni tó mọ̀ ọ́n so so ó, kó sì máa yẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀, pàápàá lẹ́yìn òjò. Ihò tó wà láàárín dẹ́kìn, ibi tí àtẹ̀gùn yóò gbà tó bá yá, kí wọ́n bò ó kó le, kí wọ́n má fi páálí bò ó. Páálí burú ju ihò tó ṣí sílẹ̀ lọ.

Bẹ́líìtì wá ńkọ́? Ibí ni a fẹ́ dúró sí díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀tàn pọ̀ sí. Bẹ́líìtì ìbàdí lásán, irú èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà olówó pọ́ọ́kú, kì í ṣe ohun tí a fi ń gba ẹni tó já. Ó lè ṣẹ́ ènìyàn lẹ́yìn. Amẹ́ríkà ti fòfin dá a dúró fún iṣẹ́ yẹn láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1998. Èyí tí a ń fẹ́ ni háánẹ́ẹ̀sì, tó gba èjìká, àyà àti itan kọjá, tí ìkọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn láàárín èjìká méjèèjì. Àwọn kan yóò ní igbà akọpẹ kò ju ìbàdí lọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n akọpẹ fẹ̀yìn ti igbà rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dókè, ara rẹ̀ wà lórí rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, kì í dúró dìgbà tó bá já. Okùn tiwa máa ń dẹ̀ títí di ìgbà tí ara bá fò lulẹ̀, fífà tó sì máa ń fa ènìyàn lójijì nígbà yẹn kì í ṣe eré.

Níbo lo so ó mọ́? Ìbéèrè tí a fẹ́ kí gbogbo ọmọṣẹ́ máa bi ara wọn nìyẹn. A ti rí ẹni tó so háánẹ́ẹ̀sì olówó ńlá mọ́ páìpù omi. Òfin Amẹ́ríkà ní ibi tí ẹnì kan bá so ara mọ́ gbọ́dọ̀ lè gba ẹrù 5,000 pọ́n-ùn. Bí a bá fi sìmẹ́ǹtì wọ̀n ọ́n, àpò 45 ni. Ṣé páìpù omi lè gbé àpò sìmẹ́ǹtì 45? Kí ẹ sì so ó sókè orí, kí ẹ má so ó síbi ẹsẹ̀. Okùn fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 2, ibi tó máa ń tú láti fi dín fífà òjijì náà kù tún lè fi mítà 1 kún un, gíga ara yín wà níbẹ̀, àlàfo díẹ̀ sì gbọ́dọ̀ kù lábẹ́ ẹsẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀, láti ibi tí a so okùn mọ́ dé ilẹ̀, gbọ́dọ̀ tó nǹkan bíi mítà 5 ààbọ̀. Ẹni tó wà ní mítà 4, tó so okùn sẹ́bàá ẹsẹ̀, yóò ti kanlẹ̀ kí okùn tó rántí iṣẹ́ rẹ̀.

Bí okùn bá sì gbà á, ọ̀rọ̀ kò tíì parí. Ẹni tó rọ̀ nínú háánẹ́ẹ̀sì láì lè mira, ẹ̀jẹ̀ yóò máa lọ jókòó sí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó lè dákú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó sì lè kú síbẹ̀ nígbà tí àwọn ènìyàn ń yà á ní fọ́tò. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó gòkè, kí á ti mọ ẹni tí yóò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ àti ohun tí yóò fi sọ̀ ọ́. Bí kò bá sí ìdáhùn, kó má gùn.

Díẹ̀ lórí àkàbà àti iná. Bí àkàbà bá ga ní mítà 4, kí ìdí rẹ̀ jìnnà sí ògiri ní mítà 1. Kí orí rẹ̀ yọ kọjá ibi tí a ń lọ ní mítà 1, kí á lè rí nǹkan dì mú nígbà tí a bá ń bọ́ sílẹ̀. Ọwọ́ méjì àti ẹsẹ̀ kan, tàbí ẹsẹ̀ méjì àti ọwọ́ kan, kí ó máa wà lára rẹ̀ nígbà gbogbo. Ẹni tó fi ọwọ́ kan gbé gáálọ̀nù ọ̀dà, tó fi èkejì gbé fóònù, kò ní ọwọ́ mọ́. Kí á tó na àkàbà tàbí ọ̀pá irin sókè, kí á wo òkè ná. Wáyà 11,000 àti 33,000 fóólùtì tó ń gba iwájú ilé wa kọjá kò dúró kí ẹ fọwọ́ kàn án kó tó pa yín: bí irin bá ti sún mọ́ ọn jù, iná lè fò bá a. Ọparun tó tutù náà kì í ṣe ọ̀rẹ́. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti ń ṣú, tí afẹ́fẹ́ ti ń gbá eruku, ẹni tó wà lórí másìtì kó máa bọ̀ nílẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì yóò dúró dè é.

A dé ibi owó. Gbogbo ìgbà tí a bá dárúkọ igbà, ohun tí wọ́n ń dá wa lóhùn ni pé ó ti wọ́n jù. Ní San Francisco, nígbà tí wọ́n ń kọ́ afárá Golden Gate, onímọ̀ ẹ̀rọ àgbà Joseph Strauss ní kí wọ́n ta nẹ́ẹ̀tì sábẹ́ rẹ̀. Ó ná wọn ní 130,000 dọ́là, owó ńlá láyé ìgbà náà. Ènìyàn 19 ló já sínú rẹ̀ tí wọn kò kú. Ẹ pín owó náà sí ọ̀nà 19, kí ẹ sọ fún wa ẹni tó wọ́n jù nínú wọn. A kì í fi apá kan ìtàn pamọ́: ní ọjọ́ 17 oṣù kejì 1937, pèpéle iṣẹ́ kan já láti abẹ́ afárá, ó fa nẹ́ẹ̀tì ya, ènìyàn 10 sì kú. Nẹ́ẹ̀tì kì í ṣe àwáwí fún ẹni tí kò yẹ pèpéle wò.

Ẹni tó ni iṣẹ́ ni yóò ra igbà. Lébìrà tó ń gba owó ojúmọ́ kò gbọdọ̀ fi owó oúnjẹ ọmọ rẹ̀ ra háánẹ́ẹ̀sì kí ilé ẹlòmíràn lè ga. A kò tọrọ ohun tí òfin kò mọ̀. Òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999, ní abala 17, sọ pé ìjọba gbọ́dọ̀ rí i pé ìlera àti ààbò gbogbo ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kò sí nínú ewu. Láti 2010 ni òfin ẹ̀san òṣìṣẹ́ ti wà: agbanisíṣẹ́ yóò máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ sí àpò tí àjọ ìjọba tó ń jẹ́ NSITF ń bójú tó, láti inú àpò ara rẹ̀, kó lè jẹ́ pé ẹni tó bá fara pa, tàbí ìdílé ẹni tó kú, yóò rí nǹkan gbà. Ẹni tó bá fara pa ní ọjọ́ 14 láti sọ fún ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá ní ọjọ́ 7 láti fi tó àjọ náà létí. Mélòó nínú àwa tí a ń gba owó ojúmọ́ ni orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé kankan ní sáìtì? Inagijẹ ni fóòmánù fi mọ̀ wá. A fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ wa àti ti ẹni tí wọn yóò pè, láràárọ̀, kí á tó fọwọ́ kan ṣọ́bìrì.

Àwa náà ní ẹjọ́ tiwa. Àwa la máa ń mu paraga kí ojú lè dá wa láti gùn. Ìtìjú ni, a sì jáwọ́ níbẹ̀ lónìí: ojú tó bá dá nítorí ọtí kò rí etí dẹ́kìn. Àwa la máa ń fi ọmọṣẹ́ tuntun tó ń gbọ̀n lórí àkàbà ṣe yẹ̀yẹ́, tí a ń bi í bóyá obìnrin ni, bí ẹni pé àwọn obìnrin tó ń ru kọnkéré gun àtẹ̀gùn tí kò ní ìdíwọ́ pẹ̀lú wa kò láyà jù wá lọ. Àwa la ń gbàdúrà láàárọ̀ tí a sì rò pé ó tán. A ó máa gbàdúrà lọ. Lẹ́yìn àmín, kí á so ó.

Ìpinnu tó le jù nínú ìwé yìí rèé, nítorí rẹ̀ ni a sì fi jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú kí á tó fẹnu kò. Ọmọṣẹ́ tó bá rí i pé òkè kò dára ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀. Kò ní í ṣe àfojúdi. "Ọ̀gá, ẹ má bínú, mi ò lè gùn ún báyìí. Ẹ jẹ́ kí á tún un so." A mọ èsì tí yóò gbọ́: "Ṣé o fẹ́ gùn ún ni, àbí kí n pe ẹlòmíràn? Àwọn tó ń wáṣẹ́ kún ìta." Ọ̀rọ̀ ìta yẹn ló ti ń pa wá láti ọjọ́ yìí. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá kọ̀ nítorí ewu, kò sí ọ̀kan nínú àwa tó fọwọ́ sí ìwé yìí tí yóò gba ipò rẹ̀, bí ebi ń pa á, bí wọ́n fi owó ọjọ́ méjì kún un. Ẹni tó bá sì pàdánù owó ojúmọ́ nítorí pé ó kọ̀, àwọn tó kù yóò dá a fún un kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Bí a kò bá lè ṣe èyí, kí á ya ìwé yìí, kí á máa lọ sílé.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ ní sáìtì nìkan. Ẹ̀yin ìyá àti bàbá onílé, ọmọ àdúgbò tí ẹ pè pé kó wá gun òrùlé wo ibi tó ń jò, tí ẹ fún ní owó bọ́tà àti búrẹ́dì, òṣìṣẹ́ òkè ni lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀yin sì ni ọ̀gá rẹ̀. Páànù asibẹ́sítọ̀ọ̀sì àtijọ́ kì í gba ènìyàn. Ó lè dá lábẹ́ ẹsẹ̀ bí àwo. Ẹni tí ẹ ní kó wá fọ táǹkì omi, ẹ wo òpó tí táǹkì náà jókòó lé kí ẹ tó rán an lọ síbẹ̀.

Ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ ni fíríídọ̀mù. Lọ́jọ́ tí ọmọṣẹ́ bá gbòmìnira, tí wọ́n pa màlúù tàbí adìyẹ, tí àwọn àgbà ẹgbẹ́ gbé irinṣẹ́ lé e lọ́wọ́ níwájú ìyá rẹ̀, a fẹ́ kí ọ̀gá rẹ̀ gbé háánẹ́ẹ̀sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn kó tó fún un ní sátífíkéètì. Kí ọmọṣẹ́ náà fà á níwájú gbogbo ènìyàn, kó tẹ̀ ẹ́ wò, kó wo ojú okùn, bí akọpẹ ṣe ń ṣe é. Lẹ́yìn náà kí ọ̀gá bi í sókè, kí ìyá rẹ̀ gbọ́: "Níbo lo máa so ó mọ́?" Bí kò bá mọ ìdáhùn, kó padà lọ lo oṣù mẹ́ta sí i. Kí á jẹ ìrẹsì náà ṣá, ó ti jinná.